Iye Ẹja Tí Omi Ẹ̀ẹ̀rùn Lè Gbà

Nínú gbogbo ohun ọ̀sìn ẹ̀yìnkùlé, ẹja nìkan ni olówó rẹ̀ kì í rí kà. Adìẹ ń wọlé nírọ̀lẹ́, ewúrẹ́ ń ké bí ọmọ rẹ̀ bá sọnù, ṣùgbọ́n ẹni tó da ọmọ ẹja 500 sómi lónìí kò lè fọwọ́ sọ̀yà lóṣù mẹ́ta òní pé 500 náà ló ṣì wà níbẹ̀. Ó lè ti di 300, torí pé wọ́n ti jẹ ara wọn. Ó sì lè ti di 5,000, torí pé wọ́n ti bímọ. Èyí tó máa ṣẹlẹ̀ nínú méjèèjì wà lọ́wọ́ irú ẹja tó kó síbẹ̀.

Àrọ̀ àti epìyà ni mò ń sọ. Àwọn méjèèjì la mọ̀ jù nínú ọ̀sìn ẹja nílẹ̀ Yorùbá, ìwà wọn kò sì jọra rárá. Epìyà ń bímọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Àrọ̀ kì í bímọ nínú tàǹkì àfi tí wọ́n bá gún un lábẹ́rẹ́. Nígbà tí ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀sìn ẹja ní Ìkàrẹ́ tàbí Ọ̀kà bá ń béèrè bí òun ṣe máa mú ẹja bímọ, mo gbà pé ìbéèrè kan wà tó yẹ kó ṣáájú rẹ̀: ẹja mélòó ni omi rẹ lè gbà lóṣù kejì ọdún, nígbà tí kànga bá ti fà?

Ẹni tó mọ ilẹ̀ Àkókó mọ ìdí tí mo fi ń béèrè. Láti Ìkàrẹ́, gba Àkùngbá níbi tí Yunifásítì Adékúnlé Ajásin wà, títí dé Ọ̀kà, àpáta ló yí ọ̀nà ká. Wọ́n á gbé dígà ní ẹ̀yìnkùlé, wọn kò tíì wa ilẹ̀ dé orúnkún tí irin á ti máa dún lórí òkúta. Ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ pọ́ńdù sínú ilẹ̀ ní láti wá ilẹ̀ àbàtà lọ sẹ́bàá odò. Fún ẹ̀yìnkùlé, búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì ni, tàbí tapólì tí wọ́n fi pákó gbé ró, tàbí tàǹkì rọ́bà tí wọ́n gé orí rẹ̀ kúrò. Èyí kì í ṣe àdánù lọ títí. Tàǹkì ṣeé fà gbẹ, ẹja inú rẹ̀ ṣeé kó sínú abọ́, ó sì ṣeé kà. Pọ́ńdù ilẹ̀ kì í fúnni ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ìṣòro wà ni omi. Nílẹ̀ àpáta, inú ìlà tó sán lára òkúta àti inú iyẹ̀pẹ̀ tó bo orí rẹ̀ lomi ń fara pamọ́ sí, iyẹ̀pẹ̀ náà kì í sì í nípọn níbi gbogbo. Lásìkò òjò, láti oṣù kẹrin dé oṣù kẹwàá, kànga á kún débi tí ọmọdé lè fi kóńgò bù ú. Bí ọyẹ́ bá dé, okùn kóńgò á bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Ní oṣù kejì àti ìkẹta, àwọn ará ilé àti ẹja á jọ máa du omi kan náà, kò sì sí ìyàwó ilé tó máa fi omi ọbẹ̀ sílẹ̀ nítorí àrọ̀. Dáàmù Awara wà lóòótọ́ fún omi ẹ̀rọ Ìkàrẹ́ àti agbègbè rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹlẹ́ja tó bá gbọ́kàn lé omi ẹ̀rọ nìkan ń fi ọjà rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ ni. Bó bá tilẹ̀ wá, èyí tí wọ́n fi kọ̀lórín sí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wà nínú ike tí kò ní ìdérí mọ́jú kó tó kan ẹja lára.

Ká kọ́kọ́ mú epìyà, torí òun ni ọ̀rọ̀ ìfètòsọ́mọbíbí bá wí jù.

Láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà tó bá ti jáde nínú ẹyin, abo epìyà ti ń yé ẹyin, nígbà tó ṣeé ṣe kó má tíì wọn ju 30 tàbí 40 gíráàmù lọ. Akọ á gbẹ́ kòtò róbótó sísàlẹ̀ omi, abo á yé ẹyin síbẹ̀, akọ á da àtọ̀ lé e, abo á sì kó gbogbo rẹ̀ sẹ́nu. Ẹnu ni ẹyin náà ti ń pa, ẹnu lọmọ ti ń gbé fún ọjọ́ mélòó kan, bí ewu bá sì yọ lẹ́yìn tí wọ́n ti ń jáde, ẹnu ìyá náà ni wọ́n máa sá padà sí. Ìyá kì í rójú jẹun ní gbogbo àkókò yẹn. Ìwọ̀nba ọgọ́rùn-ún mélòó kan sí nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan ẹyin ló ń yé lẹ́ẹ̀kan, èyí tó kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹja mìíràn, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ló ń yè nítorí ẹnu yẹn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, ó tún ti ṣe tán.

Omi kò wá fẹ̀ sí i ní tirẹ̀. Ohun tí omi kan lè gbé, kílò ni, kì í ṣe iye orí. Omi tó bá lè bọ́ 50 kílò ẹja lè fún ọ ní epìyà 200 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn 250 gíráàmù, tí obìnrin ọlọ́jà á fayọ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ. Omi yẹn kan náà sì lè fún ọ ní 2,500 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju 20 gíráàmù lọ, tí ológbò pàápàá á wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tó tún burú ni pé epìyà tí ebi àti ìfúnpọ̀ bá ràn kì í dẹwọ́ bíbí. Ńṣe ló máa ń tètè dàgbà fún ọmọ bíbí nígbà tí ara rẹ̀ ṣì kéré. Ìyá, ọmọ àti ọmọ-ọmọ á wá dọ́gba, ẹ kò ní mọ èwo làgbà.

Kì í ṣe àwa la kọ́kọ́ rí i. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Belgium mú kí àwọn ará Congo gbẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́ńdù epìyà. Nígbà tí òmìnira fi máa dé lọ́dún 1960, púpọ̀ nínú wọn ti di igbó, ọ̀kan nínú ìdí rẹ̀ sì ni pé ẹja inú wọn kò tóbi tó ohun tí èèyàn ń ṣe wàhálà lé lórí. Àwọn ará Íjíbítì ayé àtijọ́ náà sin ín. Àwòrán ọgbà kan wà láti inú ibojì Nebamun, akọ̀wé kan ní Thebes, tí wọ́n yà ní nǹkan bí ọdún 1350 kí wọ́n tó bí Jésù, tó ti wà ní British Museum nílùú London báyìí. Epìyà ń lúwẹ̀ẹ́ láàárín ewé lótọ́ọ̀sì nínú adágún ẹ̀yìnkùlé náà, gbogbo wọn sanra, wọn kò pọ̀. Mo ti máa ń rò ó pé ayàwòrán yẹn bọlá fún olówó ilé ni.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dá epìyà lẹ́kun kò ju mélòó kan lọ. Èyí tí kò náni lówó ni kéèyàn fọwọ́ ya akọ sọ́tọ̀. Bí ẹja bá ti wọn tó 30 sí 50 gíráàmù, wọ́n á yí ikùn rẹ̀ sókè, wọ́n á wo ìdí rẹ̀. Yàtọ̀ sí ihò ìgbẹ́, akọ ní ihò kan ṣoṣo lórí ohun ṣóńṣó tó yọ síbẹ̀, abo ní méjì. Bí ojú kò bá rí i dáadáa, wọ́n á fi GV, oògùn aláwọ̀ àlùkò tí kẹ́míìsì ń tà fún egbò, kàn án, ilà ibẹ̀ á hàn. Wọ́n á dá akọ nìkan sínú tàǹkì, torí akọ ló tún ń yára tóbi. Iṣẹ́ àfarabalẹ̀ ni, ó sì ń sú èèyàn. Bí abo mẹ́ta bá ṣì yọ́ wọlé, oṣù díẹ̀ ló kù tí gbogbo wàhálà náà fi máa di asán.

Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń pa ọmọ epìyà tà ní ọ̀nà mìíràn. Wọ́n ń po ohun tó ń sọ ọmọ ẹja di akọ mọ́ oúnjẹ wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin àkọ́kọ́, kí wọ́n tó pinnu láàárín ara wọn bóyá akọ ni wọ́n máa jẹ́ tàbí abo. Ẹni tó bá lè rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rà, kó rà á. N kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó lọ máa po oògùn yẹn fúnra rẹ̀ nínú ilé tí ọmọdé ń gbé.

Èyí tí mo fara mọ́ jù fún ẹ̀yìnkùlé ni kí wọ́n fi àrọ̀ ṣọ́ epìyà. Àrọ̀ díẹ̀, bí ẹyọ kan sí epìyà mẹ́wàá tàbí ogún, á máa jẹ ọmọ tí epìyà bá bí. Ẹ kò ní pàdánù oúnjẹ tí ìyá fi bí wọn, ẹran ara àrọ̀ ló máa yọ sí. Àkókò ni àṣírí rẹ̀. Epìyà gbọ́dọ̀ ti tóbi ju ohun tí ẹnu àrọ̀ lè gbé lọ kí wọ́n tó kó àrọ̀ wọlé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ olùṣọ́ á jẹ agbo tán. Bí àrọ̀ bá sì wà nínú tàǹkì tirẹ̀ lọ́tọ̀, àwọ̀n kóńkó kan tó ń kó gbogbo ọmọ epìyà lọ́sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta tó, kí wọ́n dà á fún àrọ̀ jẹ.

Àrọ̀ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Nínú odò, òjò àkọ́rọ̀ àti àgbàrá ló ń ṣí i nídìí. Lóru tí omi bá bo koríko etí odò, tọkọtaya á wọ inú koríko náà lọ, ibẹ̀ lẹyin á lẹ̀ mọ́. Kò sí àgbàrá nínú tàǹkì sìmẹ́ǹtì. Ẹyin á kún ikùn abo, yóò máa gbé e kiri, kò ní yé e. Látijọ́, ẹṣẹ́ kékeré kan tó wà lábẹ́ ọpọlọ ẹja mìíràn ni wọ́n ń yọ, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi gún abo. Lóde òní, Ovaprim láti Kánádà ló gbòde, ìdajì mílílítà fún kílò kọ̀ọ̀kan tí abo bá wọn. Wọ́n á gún un nínú ẹran ẹ̀yìn, wọ́n á gbé e sínú ike lọ́tọ̀, wọ́n á gbé òkúta lé ìdérí rẹ̀ kó má baà fò jáde lóru.

Ibi yìí ni ọyẹ́ orí òkè Ọ̀kà ti máa ń ko ẹlẹ́ja lójú. Bí omi bá gbóná tó 25°C, wákàtí mọ́kànlá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni ẹyin ti tó fún. Bó bá jẹ́ 28°C, bíi mẹ́jọ ni. Ṣùgbọ́n bí omi bá tutù dé 20°C, bó ti lè rí nínú tàǹkì ìta gbangba lóru ọyẹ́, ó lè tó wákàtí mọ́kànlélógún. Ẹni tó gún ẹja laago mẹ́jọ alẹ́ pẹ̀lú èrò pé aago méje àárọ̀ lòun máa fún un, tó sì fi ipá fún un láago méje náà, ẹyin tútù tí kò lè gba àtọ̀ ló máa rí. Ẹni tó bá pẹ́ jù náà kò ní jèrè, torí ẹyin á ti bàjẹ́ nínú ikùn. Ẹni tí kò ní ohun tó fi ń wọn ìgbóná omi, kó ṣíwọ́ iṣẹ́ yìí láàárín oṣù kejìlá sí ìkíní.

Ti akọ ni kò ṣeé gbọ́ létí. Àtọ̀ àrọ̀ kì í ṣeé fún jáde bíi ti ẹja mìíràn, pípa ni wọ́n ń pa á kí wọ́n tó lè yọ àpò àtọ̀ rẹ̀. Wọ́n á gé àpò náà, wọ́n á fún un sínú omi iyọ̀ tí dókítà ń fi ṣe dírípù, torí bó bá ti kan omi lásán, kò ní lò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú kan lọ kó tó kú. Wọ́n á dà á lé ẹyin, wọ́n á da omi díẹ̀ sí i, wọ́n á rò ó pọ̀ pẹ̀lú ìyẹ́ adìẹ, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí àwọ̀n. Ní nǹkan bí ọjọ́ kan sí ọjọ́ kan ààbọ̀, àwọn ohun tín-ín-rín á bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́ sábẹ́ àwọ̀n. Fún ọjọ́ mẹ́ta, oúnjẹ wọn wà nínú àpò ẹyin tó so mọ́ wọn níkùn. Lẹ́yìn ìyẹn, Artemia ni, edé kékeré inú agolo tó ń ti òkè òkun wá, tí owó rẹ̀ ń tẹ̀lé dọ́là.

Gíráàmù kan ẹyin àrọ̀ ní nǹkan bí 600 sí 700 ẹyin nínú. Abo tó wọn kílò kan lè fún ọ ní 100 gíráàmù. Ẹ ṣírò rẹ̀, ó lé ní 60,000. Bí ìdajì rẹ̀ tilẹ̀ ṣòfò, kí ni ẹni tí tàǹkì rẹ̀ gba 500 fẹ́ fi ọmọ 30,000 ṣe? Mo mọ̀ pé iṣẹ́ náà dùn-ún wò, ó sì ń mú kí aládùúgbò máa pe èèyàn ní dókítà. Àmọ́ ẹni tí kò bá ní oníbàárà tó ń dúró de ọmọ ẹja lọ́wọ́ rẹ̀, rírà ni kó máa rà á. Kó jẹ́ kí hatchery, ilé iṣẹ́ tó ń pa ọmọ ẹja tà, máa ṣe aájò òru.

Ṣé ká ní kíkú ọmọ ẹja wọ̀nyẹn nìkan ni? Jíjẹ tí wọ́n ń jẹ ara wọn ló le jù. Láàárín ọmọ ìyá kan náà, ọjọ́ kan náà, àwọn kan máa ń sáré tóbi ju ẹgbẹ́ wọn lọ. Shooter làwọn ẹlẹ́ja ń pè wọ́n. Àwọn náà ló máa ń gé ìrù àwọn yòókù jẹ, bó bá sì yá, wọ́n á máa gbé wọn mì lódindi. Ẹni tó da ọmọ 1,000 sómi tí kò ṣà wọ́n fún oṣù kan lè wá bá ìdajì, kó sì máa fẹ̀sùn olè kan ọmọ àdúgbò. Ní ìbẹ̀rẹ̀, lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tàbí ọjọ́ mẹ́wàá mẹ́wàá ó pẹ́ jù, kí wọ́n fi abọ́ oníhò sẹ́ wọn, ńlá lọ́tọ̀, kékeré lọ́tọ̀. Ọjọ́ ìṣà náà ni ọjọ́ kíkà. Kò sí ìgbà mìíràn tí èèyàn tún máa mọ iye tó ní gan-an.

Àwọn tó ń fi ẹja ara wọn ṣe ìyá àti bàbá ní ọ̀ràn mìíràn. Wọ́n á ra ọmọ 500 níbì kan, wọ́n á yan mẹ́rin tó sanra jù nígbà tí wọ́n bá dàgbà, wọ́n á fi ṣe akọ àti abo. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni wọ́n ń so pọ̀ yẹn. Bí wọ́n bá ṣe é dé ìran kejì ìkẹta, ìrù wíwọ́, ẹyin tí kò pa àti ọmọ tí kò dàgbà á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Ẹlẹ́ja Ìkàrẹ́ lè gba akọ lọ́wọ́ ti Ọ̀kà, ọ̀nà kò jìn, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ bi ara wọn léèrè ibi tí oníkálùkù ti ra tirẹ̀. Bó bá jẹ́ hatchery kan náà ló bí àwọn méjèèjì, ìrìn àjò lásán ni akọ yẹn rìn.

Ó wá ku ìṣirò omi tí mo kọ́kọ́ mẹ́nu bà. Tàǹkì tó gùn ní mítà mẹ́ta, tó fẹ̀ ní méjì, tí omi rẹ̀ jìn ní mítà kan, ń gba lítà 6,000. Bí a bá fi àrọ̀ 50 sí lítà 1,000, èyí tí kò pọ̀ jù fún ẹni tó ń pààrọ̀ omi déédéé, àrọ̀ 300 ló máa wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ti ń sún mọ́ kílò kan, ìdajì omi náà lè ní láti jáde ní ọjọ́ méjì méjì, torí ìgbẹ́ àti ìtọ̀ wọn ń sọ omi di májèlé. Lítà 3,000 nìyẹn, kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 lọ́nà 120. Lóṣù keje, ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga á ṣe é tán kí èèyàn tó jẹun tán. Lóṣù kejì ńkọ́? Bí kànga kò bá lè yọ̀ǹda ju kẹ́ẹ̀gì 40 lọ lẹ́yìn tí ará ilé ti pọn tiwọn, àrọ̀ 100 ni tàǹkì yẹn gbà, 300 kọ́. Fífẹ̀ tàǹkì kò yí i padà.

Àrọ̀ tún ní ẹ̀tàn kan. Ó ní ohun tó fi ń mí afẹ́fẹ́ òkè, ìdí nìyẹn tó fi ń yọjú gbà á lóòrèkóòrè. Omi tí epìyà á ti léfòó kú nínú rẹ̀ ní ìdájí, àrọ̀ á wà láàyè nínú rẹ̀. Olówó rẹ̀ á rò pé nǹkan ń lọ dáadáa, nígbà tó jẹ́ pé ẹja náà ń jẹun tí kò tóbi, egbò sì ti ń yọ lára rẹ̀. Oúnjẹ yẹn kì í ṣe ohun àfiṣòfò. Òun ló ń kó nǹkan bí 60 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ẹlẹ́ja ń ná, láti ìgbà tí náírà sì ti já bọ́ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, àpò oníkílò 15 ti di ohun tí èèyàn ń rò lẹ́ẹ̀mẹta kó tó ná owó rẹ̀. Àrọ̀ 100 tó lé lórí iye tí omi gbà, bí wọ́n bá dé kílò kọ̀ọ̀kan, á ti jẹ tó àpò méje.

Àwọn ará àfonífojì odò Ouémé ní orílẹ̀-èdè Benin ti fi ọ̀nà mìíràn yanjú ọ̀ràn yìí láti ayé àwọn baba ńlá wọn. Wọ́n ń gbẹ́ kòtò gígùn tí wọ́n ń pè ní whedo sí ilẹ̀ tí odò máa ń kún bò. Bí omi bá kún, ẹja á tàn káàkiri pápá, wọ́n á bímọ níbẹ̀ láìsí abẹ́rẹ́. Bí omi bá fà, àrọ̀ àti àwọn mìíràn á kó jọ sínú kòtò, wọ́n á sì kó wọn kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí. Wọn kì í bá ẹ̀ẹ̀rùn jà. Àwa kò ní odò Ouémé ní Àkókó, ṣùgbọ́n kàlẹ́ńdà wọn ṣeé yá lò.

Àrọ̀ ń tó kílò kan láàárín oṣù márùn-ún sí mẹ́fà. Èyí tó bá wọ omi lóṣù kẹrin, tí òjò ti fìdí múlẹ̀, á tó tà lóṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá. Ṣùgbọ́n Kérésì ló wà lójú ọ̀pọ̀ ẹlẹ́ja. Oṣù keje ni wọ́n ń da ọmọ ẹja wọn sómi kó lè bọ́ sí àsìkò àríyá, gbogbo wọn á sì gbé ẹja dé ọjà lọ́sẹ̀ kan náà. Èyí tí kò bá tà ló máa wọ oṣù kìíní àti ìkejì, ní ìwọ̀n tó tóbi jù, tó ń jẹun jù, tó sì ń fẹ́ omi jù, nígbà tí kànga ti ń lọ sísàlẹ̀. Lójú tèmi, owó Kérésì yẹn kò tó ohun tó ń náni. Kí wọ́n máa ta díẹ̀díẹ̀ láti oṣù kẹsàn-án, àwọn tó tóbi jù ni kó kọ́kọ́ jáde, kí àwọn tó kù lè rí àyè dàgbà. Àwọn alásè pẹpẹsúùpù tí oníbàárà ń nawọ́ sí ẹja láàyè níwájú wọn kì í kọ ogún tàbí ọgbọ̀n lọ́sẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Àkùngbá kì í sì í fi Kérésì ṣe àkókò ẹja jíjẹ.

Ohun tó bá ṣẹ́ kù ní ìparí oṣù kọkànlá, kí wọ́n fa omi, kí wọ́n kà á, kí wọ́n yọ iye tí kànga máa lè bọ́ sílẹ̀, kí ìyókù lọ sórí ààrò. Tútù la sì ti ń ká ẹja, kí wọ́n ti fi igi ṣóńṣó gún ìrù mọ́ ẹnu kí èéfín tó kàn án. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ru ọmọ ẹja tó pọ̀ jù lọ dà sí odò tàbí sí Awara pé òun ń ṣàánú. Irú tí wọ́n ti ń so pọ̀ nínú tàǹkì láti ìran dé ìran, títí kan èyí tí wọ́n kó wá láti Netherlands, kò yẹ kó lọ máa dà pọ̀ mọ́ àrọ̀ inú odò wa. Epìyà kéékèèké tó kù, àrọ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ láti gba ẹ̀ẹ̀rùn kọjá á jẹ ẹ́ títí òjò àkọ́rọ̀ á fi dé.